Àdápítọ̀ Kékeré, Ẹrù Àgbà: Bí Iná Onítéépù Ṣe Fẹ́ Jó Ìyá Aláṣọ Lọ́jà

Ẹni tó bá dé ọjà Gbági n'Ìbàdàn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí òjò ṣú, á rí i pé iná náà ti di ọjà nínú ọjà. Ṣọ́ọ̀bù tó bá ṣókùnkùn, oníbàárà á kàn yọjú wò ó, á sì kọjá lọ bí ẹni tí kò rí i. Èyí tó bá ń tàn yòò ni ẹsẹ̀ ń yà sí. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá ọjà, àwọn télọ̀, àwọn onídìrí àti àwọn onígbàjámọ̀ fi ń du iná lóde òní bí ìgbà tí wọ́n ń du ìsọ̀ iwájú.

Kì í ṣe gílóòbù ńlá ayé ọjọ́un ni wọ́n ń fi ṣe é mọ́ o. Iná kan ló wà, pẹlẹbẹ ni, ó gùn bíi téépù tí télọ̀ fi ń wọn àyà. Wọ́n á ká a jọ róbótó, gọ́ọ̀mù á wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ pẹpẹ tàbí ẹ̀gbẹ́ àjà. Wóró iná kéékèèké ló tò lára rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. LED ni wọ́n ń pè é. Iná onítéépù ni ọ̀rọ̀ yìí yóò máa pè é, kó lè yé tọmọdé tàgbà.

Ohun tó wà nídìí rẹ̀ ni pé iná onítéépù tó wọ́pọ̀ jù kò lè jẹ iná NEPA bẹ́ẹ̀ lásán. NEPA ti di ohun ìtàn láti 2005, àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni ló sì ń pín iná láti 2013, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò kúrò lẹ́nu ará ọjà. Iná inú wáyà wọn yẹ kó jẹ́ 230 fóòtì. Iná onítéépù kò fẹ́ ju 12 tàbí 24 lọ. Nǹkan kan ní láti wà láàárín àwọn méjèèjì tí yóò dín fóòtì náà kù, tí yóò sì sọ iná tó ń lọ tó ń bọ̀ di èyí tó ń lọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Òun ni wọ́n ń pè ní àdápítọ̀. Oníirin rẹ̀, tó ní ihò wínníwínní lára bí asẹ́, àwọn ọlọ́jà iná ń pè é ní power pack. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà Ìyá Aláṣọ ti bẹ̀rẹ̀.

Obìnrin yìí, léèsì àti àńkárá ló ń tà. Ó ti lé lógún ọdún tó ti wà nídìí òwò náà, kò sì sẹ́ni tó lè fi gínnì ayédèrú tàn án jẹ. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí Iléyá, ó yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wọn, ó fi kó ọjà kún ṣọ́ọ̀bù dé òkè àjà. Àmọ́ ẹni tó ń ta aṣọ lódìkejì rẹ̀ ti lẹ iná onítéépù yí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ká. Ojoojúmọ́ ni Ìyá Aláṣọ ń wò ó tí oníbàárà òun ń ré kọjá sọ́hùn-ún. Oorun kò kùn ún mọ́.

Ó ránṣẹ́ pe oníná tó máa ń bá a tún sọ́kẹ́ẹ̀tì ṣe. Ọkùnrin náà kò tíì pé ogójì ọdún, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kì í ra wáyà mítà mẹ́wàá kó ní ogún lòun rà. Ó fi téépù wọn ṣọ́ọ̀bù náà yí ká. Mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gééré.

"Màmá, róòlù mẹ́ta ni, nítorí róòlù kan, mítà márùn-ún ni. Ẹ lè ra iná yẹn fúnra yín, kò sí wàhálà. Àmọ́ ẹ má tíì ra àdápítọ̀ o. Ẹ jẹ́ kí n rí iná tí ẹ bá rà ná, kí n tó mọ èyí tó lè gbé e. Ó lè gba alámpù ọgbọ̀n."

"Èló ni wọ́n ń ta alámpù ọgbọ̀n?"

Oníná dá iye kan. Ìyá Aláṣọ pàtẹ́wọ́.

"Oníná mi, ṣé èmi ni kí n bá ọ san owó ilé ìwé àwọn ọmọ ẹ ni? Àdápítọ̀ lásánlàsàn! Má wulẹ̀ ṣèyọnu, màá rà á fúnra mi."

"Màmá, ẹ má bínú. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí wọ́n ta kékeré fún yín."

Lọ́jọ́ kejì, ìyá wọ ọkọ̀ lọ sí ìsọ̀ ẹnì kan tó ń ta ohun èlò iná. Ó ra róòlù mẹ́ta. Nígbà tó béèrè àdápítọ̀, ọlọ́jà náà mú dúdú kékeré kan sílẹ̀ tó dà bí èyí tí wọ́n fi ń gba iná sí kọ̀ǹpútà alágbèéká. Wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé 12V 5A.

"Ìyá mi, èyí ti tó yín í lò. Iná yín, fóòtì méjìlá. Èyí náà, fóòtì méjìlá. Ṣé ẹ rí i? Ẹni tó ní kí ẹ ra alámpù ọgbọ̀n yẹn, ó fẹ́ kí iná yín jó ni. Ámpù tó bá pọ̀ jù, ńṣe ló máa ń ba iná jẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà wọ ìyá létí, pàápàá nígbà tí owó rẹ̀ kéré jọjọ sí èyí tí oníná dá. Ká sòótọ́, apá kan ọ̀rọ̀ ọlọ́jà yẹn kì í ṣe irọ́. Apá kejì ni irọ́, òun ló sì fẹ́ jó ṣọ́ọ̀bù.

Ìyá kò pe oníná rẹ̀ mọ́. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan tó wà nítòsí ló bá a lẹ̀ ẹ́. Ọmọ náà so ìdí róòlù kìíní mọ́ orí ìkejì, ó so ìdí ìkejì mọ́ orí ìkẹta, ó ki wáyà orí ìkíní bọ àdápítọ̀. Ó wá gbé àdápítọ̀ sórí páálí kan láàárín òkìtì léèsì, kí ojú má baà rí i. Ó gba owó rẹ̀, ó lọ.

ÒÓRÙN TÓ Ń RÙN

Lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, inú Ìyá Aláṣọ dùn dé ọ̀run. Léèsì ń dán, àwọn ọmọge ń dúró ya fọ́tò níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ohun kan ṣoṣo tó kù díẹ̀ káàtó ni pé iná tó wà nítòsí àdápítọ̀ funfun báláú, èyí tó wà láàárín ti ń pọ́n, ti ìparí sì rẹ̀ bí ojú ẹni tí ibà ń ṣe. Wọ́n ní bóyá bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, àdápítọ̀ gbóná débi pé ọwọ́ kò gbà á. Wọ́n ní kò burú, ṣebí áyọ́ọ̀nù náà ń gbóná. Lọ́jọ́ kẹta, gbogbo iná bẹ̀rẹ̀ sí ṣẹ́jú, ó ń kú, ó ń tàn. Wọ́n ní NEPA ni.

Lọ́jọ́ kẹrin, ọmọbìnrin tó ń bá ìyá tajà ní òun ń gbóòórùn rọ́bà tó ń jó. Wọ́n wo abẹ́ tábìlì, wọ́n wo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, wọn kò rí nǹkan kan. Ìgbà tí ọmọ náà fa léèsì kan yọ kó fi han oníbàárà ni wọ́n rí i pé etí aṣọ náà ti pọ́n bí ẹ̀gbẹ́ àkàrà. Páálí abẹ́ rẹ̀ ti dúdú. Ara àdápítọ̀ ti rọ̀, ó ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí àbẹ́là tí oòrùn pa. Kíá ni ọmọ náà fa wáyà yọ lára ògiri. Léèsì kan ṣoṣo ló bàjẹ́. Bí wọ́n bá ti ti ṣọ́ọ̀bù lálẹ́ ọjọ́ náà láì pa iná ńkọ́?

Ọjà Tẹ́júoṣó l'Ékòó jó lóṣù kejìlá ọdún 2007. Iná jó ní ọjà Balógun lóṣù kọkànlá ọdún 2019, ó tún jó níbẹ̀ lóṣù kìíní 2020. Kò sẹ́ni tó sọ pé iná onítéépù ló fa ọ̀kankan nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rí bí àwọn ìyá ṣe ń káwọ́ lérí lójú títì lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé aṣọ, páálí àti pẹpẹ onígi kò retí ju ooru díẹ̀ lọ. Gbèsè ẹgbẹ́ kì í sì í bá aṣọ jóná.

BÀTÀ LỌ́TỌ̀, ALÁBÀÁRÙ LỌ́TỌ̀

Ìyá Aláṣọ gbé ìtìjú tà, ó ké sí oníná rẹ̀. Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín, kò sì sọ pé ṣebí mo wí bẹ́ẹ̀. Ó kàn gbé àdápítọ̀ tó yọ́ náà wò, ó mi orí.

"Màmá, fóòtì àti ámpù, méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ọlọ́jà yẹn pa wọ́n pọ̀ fún yín ni. Fóòtì, bàtà ni. Ìwọ̀n tí ẹsẹ̀ ń wọ̀ ni ẹ óò rà fún un. Iná oní 12, àdápítọ̀ 12. Oní 24, àdápítọ̀ 24. Kò sí pé ó sún mọ́ ọn. Ẹ fi 24 sí oní 12, á jó. Ẹ fi 12 sí oní 24, kò ní tàn, bó bá sì tàn, bíi ti tanátaná ni."

"Ámpù wá ńkọ́?"

"Ámpù, agbára alábàárù ni. Ẹrù yín ló máa sọ iye tó fẹ́. Alábàárù tó lè gbé bélì mẹ́ta, tí ẹ bá gbé bélì kan lé e lórí, ṣé á fi agbára tó ṣẹ́kù fọ́ bélì náà ni?"

"Rárá o."

"Ẹ wá gbé bélì mẹ́ta lé ọmọdé tí kò lè gbé ẹyọ kan lórí ńkọ́?"

"Háà! Ọrùn rẹ̀ á wọnú ara."

"Ohun tó ṣe àdápítọ̀ yín nìyẹn. Iná kì í gbà ju èyí tó tó o lọ. Bí ámpù àdápítọ̀ bá pọ̀, ó kàn ń fara balẹ̀ ni. Bó bá kéré, ó ń làágùn."

Kò fi ẹnu lásán sọ ọ́. Ó mú bírò, ó kọ ìṣirò sẹ́yìn páálí tó jó náà, ìṣirò ọ̀hún kò sì le ju èyí tí ìyá ọjà ń fi ọkàn ṣe tó bá ń ṣírò yáàdì. Lára róòlù tàbí lára ọ̀rá tí wọ́n fi dì í, wọ́n máa ń kọ iye wáàtì tí mítà kan ń jẹ. Ti Ìyá Aláṣọ jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní 5050, wóró 60 ló wà nínú mítà kan, mítà náà sì ń jẹ 14.4 wáàtì. Ìlọ́po márùn-ún rẹ̀ ni róòlù kan, ìyẹn 72. Róòlù mẹ́ta, 216 wáàtì. Tí wọ́n bá fi fóòtì 12 pín 216, ámpù 18 ló bọ́ sílẹ̀.

Ámpù 5 ni ọlọ́jà fún un. Márùn-ún lọ́nà méjìlá, 60 wáàtì. Róòlù ẹyọ kan pàápàá tó ń jẹ 72 ti ju agbára rẹ̀ lọ, áḿbèlètasé mẹ́ta.

Oníná kò sì dúró lórí 18. Ó ní alábàárù tí ẹrù rẹ̀ bá kún un dé góńgó láti àárọ̀ dalẹ́ kì í pẹ́ láyé, kí wọ́n fi bí ìdá márùn-ún tàbí ìdá mẹ́rin lé e. Bí wọ́n bá fi ìdá mẹ́rin 216 lé e, ó di 270 wáàtì. Alámpù 20 lọ́jà jẹ́ 240 wáàtì, kò tó. Alámpù 30 jẹ́ 360. Ibẹ̀ ni ọgbọ̀n tó pè lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ti wá.

"O ò ṣàlàyé báyìí fún mi lọ́jọ́ yẹn," ni Ìyá Aláṣọ wí.

"Màmá, ẹ ò jẹ́ n sọ̀rọ̀."

Àbí kò rí bẹ́ẹ̀? Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ ló ń dá owó léni láì sọ ìdí, ọ̀pọ̀ oníbàárà náà ló ń ké olè kó tó gbọ́ ìdí. Àárín àwọn méjèèjì ni ọlọ́jà ẹlẹ́nu dídùn ti ń rí owó tirẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí fóòtì fi gbọ́dọ̀ bá ara mu, kó wo ara iná náà dáadáa. Wóró iná funfun kan ń fẹ́ bíi fóòtì mẹ́ta. Lára oní 12, mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n so wọ́n pọ̀, ó di bíi mẹ́sàn-án. Nǹkan dúdú bíńtín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ló ń gbé ìyókù jẹ. Ẹ̀yìn wóró mẹ́ta-mẹ́ta náà ni àmì sísọ́ọ̀sì wà, ibẹ̀ nìkan ni wọ́n lè gé e sí. Ẹni tó bá gé e láàárín, wóró tó wà ní ibi tó gé yẹn kò ní tàn mọ́.

Àdápítọ̀ ńlá nìkan kò lè tún ọ̀rọ̀ Ìyá Aláṣọ ṣe. Bí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ yẹn ṣe so róòlù mọ́ ìdí róòlù, gbogbo ẹrù mẹ́ta ló ń gba ara róòlù kìíní kọjá. Bàbà inú iná náà sì rèé, ó tínrín bí bébà. Bí omi bá gba páìpù tóóró lọ sí ọ̀nà jíjìn, bó ṣe máa ń fà tín-ín-rín lẹ́nu ẹ̀rọ ìkẹyìn, bẹ́ẹ̀ ni fóòtì ń rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí iná ìparí fi dà bí aláìsàn. Oníná já gbogbo rẹ̀. Ó ní iná oní 12, kí wọ́n má so ó ju mítà márùn-ún lọ lójú kan. Kí róòlù kọ̀ọ̀kan ní wáyà tirẹ̀ láti ìdí àdápítọ̀, kí wáyà náà sì nípọn. Wáyà 2.5 tí wọ́n fi ń so sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé ló yàn. Wáyà wẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti gbohùngbohùn, kò fẹ́ rí i.

Ó wá ku ọ̀nà méjì. Wọ́n lè ra alámpù 30 kan ṣoṣo, wọ́n sì lè ra alámpù 10 mẹ́ta, kí róòlù kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Alámpù 10 jẹ́ 120 wáàtì, 72 ni róòlù sì ń jẹ, ara á tù ú. Oníná fara mọ́ mẹ́ta. Bí ọ̀kan bá kú lọ́sàn-án ọdún, méjì á ṣì máa tàn. Nǹkan mìíràn ni pé ọ̀pọ̀ àwọn ńlá ló ní fáànù nínú, fáànù náà á sì máa fa òwú wẹ́ẹ́rẹ́ tó ń jábọ́ lára aṣọ sínú. Ní ṣọ́ọ̀bù aláṣọ, ìyẹn kò dára. Ó tún fi kún un pé ká ní ìyá ti bi òun kó tó ra iná ni, irú tí wọ́n ń pè ní 2835, oníwóró 60, 4.8 wáàtì ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń jẹ ní mítà. Mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún rẹ̀ kò ju 72 lọ, alámpù 10 kan ì bá gbé gbogbo rẹ̀. Kì í mọ́lẹ̀ tó 5050 lóòótọ́, ṣùgbọ́n fún abẹ́ pẹpẹ, ó tó.

"Ó ti bọ́," ni ìyá wí. "Jẹ́ ká lọ ra mẹ́ta."

BÍ WỌ́N ṢE RÀ Á

Àwọn méjèèjì jọ lọ ni lọ́tẹ̀ yìí. Oníná mú míta tí wọ́n fi ń wọn fóòtì dání, ó tún mú róòlù kan mọ́ ọn. Kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára àdápítọ̀ ló jẹ́ òótọ́. Àwọn kan wà tí wọ́n kọ 10A sí lára, tí wọ́n fúyẹ́ bí páálí ìṣáná tó ṣófo. Ìsọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n yà, ó ní kí wọ́n so róòlù mọ́ ọn kí iná tàn, ó wá fi míta kàn án. Ó yẹ kí míta dúró sí bíi 12. Ó já wálẹ̀ sí 10. Ó dá a padà. Ọlọ́jà gé imú, kò rí tirẹ̀ rò. Oníṣòwò kejì mú tirẹ̀ jáde, míta kò mì.

Nínú ìsọ̀ kan náà, ẹnì kan fẹ́ ti nǹkan funfun pẹlẹbẹ kan tó fi owó díẹ̀ rọjú sí wọn lọ́wọ́, irú èyí tí wọ́n ń lò fún iná àjà POP. Oníná ka ara rẹ̀: 300mA, fóòtì 25 sí 42. Ó ní rárá. Ámpù ni irú yẹn ń dì mú, tí fóòtì rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Fóòtì ni iná onítéépù fẹ́ kó dúró lójú kan.

Kó tó sanwó, ó yọjú wo ihò kékeré kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdápítọ̀ oníirin náà. Lára àwọn kan, súwíìṣì kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ 110 àti 220 sí, tàbí 115 àti 230. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé òun ló ti pa àdápítọ̀ tuntun jù. Àwọn orílẹ̀-èdè bí Amẹ́ríkà tí iná wọn kò ju bíi 120 lọ ni wọ́n ṣe 110 fún. Bó bá wà lórí 110, tí wọ́n sì so ó mọ́ iná Nàìjíríà, gbòlà! ìró rẹ̀ ni ènìyàn á kọ́kọ́ gbọ́. Ọ̀kan nínú mẹ́ta tí wọ́n rà wà lórí 110. Oníná fi sùkúdíráfà tì í bọ̀ sí 220.

Nígbà tí wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù, Ìyá Aláṣọ fẹ́ kí wọ́n tún fi wọ́n pamọ́ sẹ́yìn aṣọ, nítorí wọn kò lẹ́wà. Oníná kọ̀ jálẹ̀. Ara ògiri bíríkì lókè ló kàn wọ́n mọ́, ó fi àlàfo tí ọwọ́ lè wọ̀ sí àárín wọn, kò sí aṣọ, kò sí páálí nítòsí. Ibi tí wọ́n kọ L àti N sí ni NEPA ń wọ̀, ó so wáyà ilẹ̀ mọ́ ibi tí àmì rẹ̀ wà, ó gba V+ àti V− jáde sára iná, ó sì fi ìdérí rọ́bà bo orí síkúrù wọn kí ọwọ́ ọmọ má baà kàn án. Ó ní kí wọ́n máa fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku kúrò lójú ihò wọn lóṣooṣù, nígbà tí iná bá kú tán.

Ìyá béèrè iye tí iná náà á jẹ nínú míta NEPA. Oníná ní àdápítọ̀ fúnra rẹ̀ máa ń bu díẹ̀ jẹ, nítorí náà, kí ó ka 216 náà sí bíi 250. Bí wọ́n bá tàn án fún wákàtí mẹ́jọ, yúnìtì méjì ni lójúmọ́. Jẹnẹrétọ̀ kékeré á gbé e láì mí gúlegúle.

Onírun kan tó ń fetí sí wọn lẹ́nu ọ̀nà wá béèrè tirẹ̀. Bátìrì sólà oní 12 fóòtì lòun ní, ṣé òun kò lè so iná onítéépù mọ́ ọn tààrà? Oníná ní á tàn, kò sí àní-àní, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ń gba iná sí bátìrì, fóòtì rẹ̀ ń gòkè ju 14 lọ, iná á máa gbóná, kò sì ní pẹ́. Kó ra ohun kékeré tó ń dá fóòtì dúró sí 12, kó sì fi fíùsì sí ẹnu bátìrì gan-an, nítorí wáyà bátìrì tó bá kan ara wọn, iná gidi ló ń dá. Bí bátìrì bá jẹ́ oní 24 ńkọ́? Kó má dán an wò pẹ̀lú iná oní 12.

Irú kan tún wà tí kò ní àdápítọ̀ rárá, wọ́n ń gé e ní mítà-mítà, ó ń jẹ 220 tààrà láti ara púlọ́ọ̀gì kékeré kan. Ó rọrùn, ó sì gùn láì rẹ̀. Ṣùgbọ́n fóòtì NEPA ló wà lára rẹ̀ látòkèdélẹ̀, ìdí rẹ̀ tí wọ́n gé tí wọn kò dé lè gbá ènìyàn, irin tí wọ́n ń fi aṣọ kọ́ sì wà káàkiri ṣọ́ọ̀bù. Oníná ní òun kì í fi í sí ibi tí ọwọ́ oníbàárà lè dé. Ti ìta lára sáìnbọ́ọ̀dù, kí iná àti àdápítọ̀ méjèèjì jẹ́ èyí tí wọ́n kọ IP67 sí lára, tí omi kò lè wọ̀.

Wọ́n tan iná. Láti orí dé ìdí, àwọ̀ kan náà ni. Lẹ́yìn wákàtí kan, oníná ní kí Ìyá Aláṣọ gun àpótí kó fọwọ́ kan àdápítọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó lọ́wọ́ọ́wọ́ bí ẹ̀kọ àárọ̀ tó ti wà nílẹ̀, kò jóni.

Ọlọ́jà tó ta alámpù 5 fún un kò gbà á padà. Ó ní àwọn ló fi lọ́ wọn. Ìyá Aláṣọ so ó kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, wáyà rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀ bí ìrù eku. Ibẹ̀ ni aládùúgbò òdìkejì ti rí i nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé tó wá kí i kú iná.

"Ìyá Aláṣọ, kí leléyìí?"

"Àdápítọ̀ tó fẹ́ jó mi lọ́jà ni. Ìyá Léèsì, róòlù mélòó ni tiyín?"

"Mẹ́rin."

"Àdápítọ̀ mélòó?"

"Ẹyọ kan. Ó jọ èyí gan-an."

"Níbo lẹ gbé e sí?"

Aládùúgbò kò dáhùn. Ó ti yí padà, ó ń ké pe ọmọ rẹ̀ láti àárín ọ̀nà pé kó sáré lọ fa wáyà yẹn yọ lẹ́yìn bélì àńkárá.